Ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àmọ́ tí kì í wọlé níta: bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ọ̀nà ti gé

Kọ̀ǹpútà kan náà ni, ètò kan náà ni, páásíwọ́ọ̀dù ò sì yí padà. Ní ọ́fíìsì, ẹ tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Ẹ gbé e délé, ó ń yí bí òòyì, nígbà tó yá ó ní òun ò rí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ètò náà kúrò, wọ́n á sì tún un fi sórí ẹ̀rọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ètò tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ní ọ́fíìsì kì í ṣàdédé bàjẹ́ lójú ọ̀nà ilé.

Ibi tó wà ló yí padà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ń bá ètò yín ṣe láìjẹ́ kí ẹ mọ̀: ó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ sáfà dúró fún, ó ń fi ọ̀nà hàn án, ó ń ṣí ilẹ̀kùn tó yẹ, ó sì ń jẹ́rìí pé ará ilé ni yín. Bí ẹ bá ti jáde, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, ó kéré tán, lè máà sí mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá èwo ni. Ẹni tó bá yí sẹ́tíńgì márùn-ún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn, kò sì ní mọ èyí tó dá tuntun sílẹ̀.

Àṣẹ Windows la lò jù níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ọ́fíìsì ń gbé. Inú PowerShell (fèrèsé tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows) ni kí ẹ ti kọ wọ́n. Láwọn ibì kan, a fi ti Mac tàbí Linux kún un. Orúkọ `isiro01.corp.example.com` àti nọ́ńbà `10.20.0.15` jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Ẹ fi ti sáfà yín rọ́pò wọn.

Ẹ ka ohun tí ètò náà sọ kí ẹ tó tẹ OK

Ìdajì ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí gbogbo èèyàn máa ń yára pa rẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó yọjú.

Bí ẹ bá rí "host not found", "could not resolve" tàbí "unknown host", orúkọ sáfà ni kọ̀ǹpútà yín kò mọ̀. Kò tíì kúrò lójú kan, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ máa bá firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) jà.

"Timed out" túmọ̀ sí pé ó kan ilẹ̀kùn, kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀nà débẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé firewall kan gbé ohun tó rán dà nù láìsọ̀rọ̀. Irú àṣìṣe yìí máa ń pẹ́ kó tó jáde, nítorí Windows á tún gbìyànjú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21 kó tó gbà pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Connection refused" yàtọ̀ sí èyí pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń pe méjèèjì ní "kò wọlé". Èyí máa ń jáde kíá. Ẹnì kan dáhùn, ó sì ní rárá. Ọ̀nà ṣí dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan, àmọ́ kò sí ètò tó ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù (ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà lára kọ̀ǹpútà) tí ẹ kàn. Bí ẹ bá rí i nílé nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì ń lo sáfà náà fàlàlà, ẹ fura pé kọ̀ǹpútà mìíràn ni ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. A óò padà síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan "certificate", "SSL" tàbí "TLS", ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, àmọ́ ètò yín kò gbà pé ẹni tó ń wá nìyẹn. "Login failed" tàbí 401 jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Nọ́ńbà 407 wá láti ọ̀dọ̀ proxy (ẹ̀rọ alárinà tí ìrìn wẹ́ẹ̀bù ń gbà kọjá), kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ sáfà. Níta ọ́fíìsì, 403 sábà ń túmọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ràn ibi tí ẹ ti wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ sáfà àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù rẹ̀, nítorí gbogbo ìdánwò tó kù ló nílò méjèèjì. Ẹ wò ó nínú sẹ́tíńgì ètò náà, nínú fáìlì rẹ̀ tó parí sí .ini tàbí .config, tàbí nínú ODBC (ibi tí Windows ń kọ ọ̀nà tí ètò ń gbà dé ibi dátà sí). Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ ṣí ètò náà lọ́jọ́ tí ẹ bá wà ní ọ́fíìsì, kí ẹ kọ `resmon` sínú Start, kí ẹ lọ sí Network, kí ẹ sì wo TCP Connections. Ẹ óò rí nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì sáfà náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti pọ́ọ̀tù tí ètò náà ń bá sọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni 1433 fún SQL Server, 3306 fún MySQL, 5432 fún PostgreSQL, 445 fún fódà àjọpín, 3389 fún Remote Desktop, àti 443 fún ohunkóhun tó ń gba ọ̀nà wẹ́ẹ̀bù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì wà lóòótọ́?

Àmì Wi-Fi kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ `ipconfig`. Bí nọ́ńbà yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ráútà kò fún yín ní nọ́ńbà rárá; kọ̀ǹpútà ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ já Wi-Fi náà kúrò, kí ẹ tún un so.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, pápákọ̀ òfuurufú àti ibi gbogbo tí Wi-Fi bá ti jẹ́ ti gbogbo ayé, ojú ìwé kan sábà máa ń wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó tú yín sílẹ̀. Ojú ìwé yìí kì í lè yọjú lórí https, nítorí náà ẹ lè jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ máa rò pé VPN (ọ̀nà abẹ́nú tó so yín mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì láti ìta) ló bàjẹ́. Ẹ ṣí `http://neverssl.com`. Bí ó bá gbé yín lọ sí ojú ìwé tí ẹ ti máa kọ nọ́ńbà yàrá tàbí tẹ "Accept", ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ pa VPN títí ẹ ó fi kọjá rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ ṣe ìdánwò kan tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà: ẹ pa Wi-Fi náà, kí ẹ fi dátà fóònù yín ṣe hotspot, kí ẹ sì tún ètò náà ṣí. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ̀bi wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ bákan náà, kọ̀ǹpútà yín tàbí ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀nà wo ló yẹ kí ètò yìí gbà?

Ètò kan wà tí sáfà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, tí kò nílò VPN. Òmíràn wà tí sáfà rẹ̀ wà nínú ilé ọ́fíìsì, tí kò ṣeé dé láìsí VPN. Ẹ̀kẹta ló ń tan èèyàn jẹ: sáfà rẹ̀ wà ní gbangba, àmọ́ nọ́ńbà IP ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n ní kó máa jẹ́ kó wọlé.

Bí nọ́ńbà sáfà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 192.168, tàbí láti 172.16 dé 172.31, ti inú ilé ni. Kò sí ráútà kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí VPN kò bá sí lórí, ẹ má yẹ ohun mìíràn wò.

Bí VPN bá sì wà lórí, kí ó kọ "Connected" kò tíì tó. Ẹ bi kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó fẹ́ gbà:

`Find-NetRoute -RemoteIPAddress 10.20.0.15`

Ẹ wo InterfaceAlias tó kọ jáde. Orúkọ VPN yín ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ Wi-Fi, VPN ti ṣí ní tirẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ fún un pé kó máa gbé ti 10.20.0.15 lọ. Ẹ̀ka IT nìkan ló lè fi ọ̀nà yẹn kún un. Lórí Mac, ẹ lo `route -n get 10.20.0.15`, lórí Linux, `ip route get 10.20.0.15`.

Fún irú kẹta yẹn, ẹ kọ `curl.exe https://api.ipify.org` nígbà tí VPN wà lórí, kí ẹ tún un kọ nígbà tí ẹ bá pa á. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tó jẹ́ ti inú ọ́fíìsì nìkan ni VPN yín ń gbé. Àwọn wẹ́ẹ̀bù gbangba ń jáde láti ilé yín tààrà, ẹni tó wà ní òdìkejì sì ń rí nọ́ńbà ilé. Ìdí tí 403 fi ń jáde nìyẹn bí VPN tilẹ̀ wà lórí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ọ́fíìsì mú kí ti sáfà yẹn náà máa gba inú VPN.

Ó tún ṣeé ṣe kí VPN fúnra rẹ̀ má lè dìde. IPsec ń lo UDP 500 àti 4500, OpenVPN sábà ń lo UDP 1194, WireGuard sì sábà ń lo UDP 51820. Ọ̀pọ̀ Wi-Fi gbangba kì í jẹ́ kí ohunkóhun kọjá àfi 80 àti 443. Bí VPN yín bá ní ibi tí ẹ ti lè yan TCP 443, ẹ yàn án. Bí kò bá ní, hotspot fóònù ni kí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ 3: Orúkọ

`nslookup isiro01.corp.example.com`

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó dáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ráútà ilé yín ló dáhùn, tó sì ní "Non-existent domain", ẹ ò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi. Ráútà ilé kò lè mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ọ́fíìsì nìkan. Ẹ wá bi DNS ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ìyẹn sáfà tó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ dúró fún (ẹ óò rí nọ́ńbà rẹ̀ nínú `ipconfig /all` lábẹ́ VPN):

`nslookup isiro01.corp.example.com 10.20.0.2`

Bí ó bá dáhùn báyìí, ọ̀nà wà, kọ̀ǹpútà yín ni kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí òun ti béèrè. Ẹ já VPN kúrò, ẹ kọ `ipconfig /flushdns`, kí ẹ tún VPN so. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀nà dé DNS ni kò sí, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2.

Ẹ gbìyànjú orúkọ gígùn bí orúkọ kúkúrú bá kọ̀. Ní ọ́fíìsì, ẹ kọ `isiro01`, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń bá yín so `corp.example.com` mọ́ ọn nídìí. Níta, ẹnikẹ́ni kì í bá yín so ó. Bí orúkọ gígùn bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ kọ orúkọ gígùn sínú sẹ́tíńgì ètò náà kí ọ̀rọ̀ parí. Yóò máa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà yìí. `nslookup` kì í wo fáìlì hosts (ìwé orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀), àmọ́ ètò yín ń wò ó. Bí ẹnì kan bá ti kọ nọ́ńbà àtijọ́ sínú `C:\Windows\System32\drivers\etc\hosts` lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nslookup á fún yín ní ìdáhùn tó tọ̀nà, ètò yín á sì máa lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Ẹ ṣí fáìlì náà wò. Ohun kejì ni bíráósà: bí wọ́n bá ti tan DNS alábòò (Secure DNS) nínú Chrome tàbí Firefox, ó lè fo DNS ọ́fíìsì dá, kí gbogbo ètò tó kù máa ṣiṣẹ́ kí ó jẹ́ pé bíráósà nìkan ni kò mọ orúkọ. Ẹ pa á nínú sẹ́tíńgì bíráósà, kí ẹ tún gbìyànjú. Àwọn tó ń lo Mac ní ọ́fíìsì tí orúkọ sáfà rẹ̀ parí sí `.local` máa ń jìyà pàápàá, nítorí ohun èlò tó wà nínú yàrá kan náà ni wọ́n ya `.local` sọ́tọ̀ fún. Mac á máa ké sí àwọn tó yí i ká dípò kó béèrè lọ́wọ́ DNS.

Ìgbésẹ̀ 4: Nọ́ńbà ilé àti ti ọ́fíìsì tó jọ ara wọn

Àìsàn yìí ló ń gba àkókò jù, nítorí ohun gbogbo ló ń dà bíi pé ó pé. VPN kọ "Connected", orúkọ yí padà sí nọ́ńbà tó tọ̀nà, síbẹ̀ kò wọlé.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ló ń pín nọ́ńbà láti inú 192.168.0 tàbí 192.168.1. Bí ẹni tó ṣètò ọ́fíìsì náà bá lo 192.168.1, tí sáfà sì jẹ́ 192.168.1.15, kọ̀ǹpútà yín nílé á rí i pé 192.168.1.15 wà nínú agbo ilé tòun fúnra rẹ̀. Kí ló fẹ́ gbé e gba inú VPN fún? Yóò ké sí i nínú ilé. Bí kò bá sẹ́ni tó ń jẹ́ 15 nínú ilé yín, ẹ óò rí "timed out". Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé yín ló ń jẹ́ 15, òun ló máa dáhùn, ẹ óò sì rí "connection refused" tí kò yé ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì.

Ẹ kọ `ipconfig`, kí ẹ fi Default Gateway (nọ́ńbà ráútà yín) wé nọ́ńbà sáfà. Bí apá mẹ́ta àkọ́kọ́ bá bára mu, ẹ ti rí i. Hotspot fóònù ni àtúnṣe ojú ẹsẹ̀, nítorí nọ́ńbà mìíràn ló máa ń fún yín. iPhone, bí àpẹẹrẹ, ń lo 172.20.10. Àtúnṣe tó máa pẹ́ ni kí ẹ wọ inú ráútà ilé, kí ẹ yí nọ́ńbà LAN rẹ̀ sí ohun tí kì í sábà wọ́pọ̀, bíi 192.168.87.1, kí ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn, kí gbogbo ohun èlò ilé sì gba nọ́ńbà tuntun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ fún ní nọ́ńbà tí kì í yí padà yóò nílò àtúntò.

Àwọn tó ń kọ ètò ní ti wọn á tún rí irú rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà wọn gan-an. Lórí Linux, Docker (ètò tí wọ́n ń fi àwọn ètò mìíràn ṣiṣẹ́ nínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) ń gba 172.17 fún ara rẹ̀ bí ẹ ò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Bí ọ́fíìsì yín bá ní sáfà nínú 172.17, Docker á gbé ìpè náà mì. `ip route get` á tú àṣírí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Pọ́ọ̀tù

`Test-NetConnection isiro01.corp.example.com -Port 1433`

Lórí Mac àti Linux: `nc -vz isiro01.corp.example.com 1433`. Ẹ wo TcpTestSucceeded. Ẹ má gbọ́kàn lé ping (àṣẹ tó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀): ọ̀pọ̀ sáfà ni wọ́n ní kó má dá ping lóhùn, òmíràn sì wà tó ń dáhùn ping tó sì ti gbogbo pọ́ọ̀tù pa.

Bí ó bá jẹ́ True, ẹ gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 6. Bí ó bá jẹ́ False, ẹ dán pọ́ọ̀tù mìíràn wò lára sáfà kan náà, bíi 445 tàbí 3389. Bí ọ̀kan bá ṣí tí èkejì kò ṣí, firewall ló ń ṣa wọ́n yà. Ó lè jẹ́ èyí tó wà lórí VPN, ó sì lè jẹ́ èyí tó wà lórí sáfà: wọ́n lè ti ní kó máa gba àwọn tó wá láti nọ́ńbà inú ọ́fíìsì nìkan, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí VPN ń fún yín wá láti agbo mìíràn.

Àwọn ètò kan wà tí kì í lo pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo. SQL Server tí wọ́n pè lórúkọ méjì, bíi `isiro01\OWO`, á kọ́kọ́ béèrè lórí UDP 1434 kó tó mọ pọ́ọ̀tù tó máa lò, pọ́ọ̀tù náà sì lè yí padà bí wọ́n bá tún sáfà tàn. Firewall VPN kì í sábà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ IT kí wọ́n fún un ní pọ́ọ̀tù kan tí kì í yí padà, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: `isiro01.corp.example.com,1433`. Kọ́mà ni, kì í ṣe kólọ́ọ̀nù. Àwọn ètò tó ń gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ sáfà FlexLM náà ní irú ìwà yìí: wọ́n á kọ́kọ́ kàn sí pọ́ọ̀tù kan láàárín 27000 sí 27009, kí wọ́n tó darí wọn sí òmíràn tí sáfà ń yàn fúnra rẹ̀ bí wọn ò bá kọ ọ́ sínú fáìlì láísẹ́ńsì.

Fún ímeèlì: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti pọ́ọ̀tù 25 pa nítorí àwọn tó ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́. Ẹ lo 587 tàbí 465.

Ìgbésẹ̀ 6: Proxy tí ẹ gbé kúrò ní ọ́fíìsì

Ọ́fíìsì kan lè ní proxy tí gbogbo ìrìn wẹ́ẹ̀bù ń gbà kọjá. Kọ̀ǹpútà yín gbé àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì ń wá a nílé. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fara pa mọ́ sí, ìdí nìyẹn tí bíráósà fi lè ṣiṣẹ́ kí ètò mìíràn sì kọ̀. Àkọ́kọ́ wà nínú Settings, lábẹ́ Network & internet, níbi Proxy. Ìkejì ni èyí tí àwọn iṣẹ́ abẹ́nú Windows ń lò:

`netsh winhttp show proxy`

Ìkẹta wà nínú HTTP_PROXY àti HTTPS_PROXY, tí git, curl, pip àti irú wọn ń kà. `Get-ChildItem Env:*proxy*` á fi wọ́n hàn. Bí ẹ bá rí orúkọ proxy ọ́fíìsì níbì kankan nígbà tí VPN kò sí lórí, ẹ ti mọ ẹni tó di ọ̀nà. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí ẹ óò tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá padà.

Ìgbésẹ̀ 7: Aago, ìwé ẹ̀rí àti páásíwọ́ọ̀dù

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín bá ti ṣìnà, gbogbo ìwé ẹ̀rí (certificate) á dà bí èyí tó ti kú tàbí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kerberos, tí Windows fi ń dá èèyàn mọ̀ ní ọ́fíìsì, kì í gbà kí aago yín àti ti sáfà fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ bí wọn ò bá yí i padà.

Bí aago bá pé, ẹ ṣí ìwé ẹ̀rí náà kí ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ráútà, ìgbésẹ̀ 1 ló ń pè yín padà. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà IP dípò orúkọ láti dán nǹkan wò, ìwé ẹ̀rí sábà máa ń kọ̀ yín, nítorí orúkọ ni wọ́n sábà ń kọ sára rẹ̀. Ẹ má tẹ "tẹ̀ síwájú bó bá wù kó rí" lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í ṣe tiyín kí ẹ sì wá kọ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀.

Páásíwọ́ọ̀dù ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Windows ń rántí páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọlé kẹ́yìn, ó sì ń gbà yín wọlé pẹ̀lú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ rí ọ́fíìsì. Bí ẹ bá yí páásíwọ́ọ̀dù padà láti orí fóònù tàbí wẹ́ẹ̀bù, kọ̀ǹpútà nílé kò tíì gbọ́. Ẹ fi ti àtijọ́ wọlé, ẹ tan VPN, ẹ tẹ Windows+L láti ti ojú ẹ̀rọ pa, kí ẹ wá fi ti tuntun ṣí i nígbà tí VPN ṣì wà lórí. Ẹ tún wo Credential Manager (ibi tí Windows ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù sí), kí ẹ yọ ti sáfà náà kúrò bí ó bá ti gbó. Ètò tó ń fi páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ gbìyànjú lẹ́yìn yín lè mú kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa.

Nígbà tó bá wọlé àmọ́ tó ń dákú

Ètò ṣí, ẹ rí orúkọ yín, ẹ tẹ ibi tí àkọsílẹ̀ ńlá wà, ó sì dì pa. Àwọn ìdáhùn kéékèèké ń kọjá, àwọn ńlá kì í dé. Èyí máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ MTU, ìyẹn bí ẹrù tó lè gba ẹnu ọ̀nà ṣe lè tóbi tó. Ethernet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà) ń gba báìtì 1500; VPN ń wé nǹkan kún ẹrù náà, nítorí náà àyè dín kù. Ẹ dán an wò nígbà tí VPN wà lórí:

`ping -f -l 1472 isiro01.corp.example.com`

1472 àti 28 tó jẹ́ ti orí ìwé (header) ló di 1500. Bí ó bá ní "Packet needs to be fragmented" tàbí tó dákẹ́, ẹ máa dín in kù: 1400, 1372, 1350, títí yóò fi dáhùn. (Bí sáfà náà kì í bá dá ping lóhùn rárá, ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn nínú ọ́fíìsì.) Ẹ fi 28 kún èyí tó dáhùn, iye yẹn ni MTU tí ọ̀nà yín gbà. Lẹ́yìn náà, nínú PowerShell tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, bí ó bá jẹ́ 1350 ló dáhùn:

`netsh interface ipv4 set subinterface "orúkọ VPN yín" mtu=1378 store=persistent`

Bí kò bá dì pa ṣùgbọ́n tó ń fà bí ìgbín, ẹ ṣírò. Ní ọ́fíìsì, lílọ àti bíbọ̀ ìbéèrè kan lè máà tó ìṣẹ́jú àáyá kan pín sí ẹgbẹ̀rún. Láti ilé, ó lè di 80 nínú ẹgbẹ̀rún. Ètò tó ń béèrè nǹkan 1500 lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí ojú ìwé kan á gba 120 ìṣẹ́jú àáyá, bó ti wù kí íntánẹ́ẹ̀tì yín yára tó. Kò sí sẹ́tíńgì tó lè wo èyí sàn. Ẹ má tún ṣí fáìlì Access (ibi ìkó-dátà-sí ti Microsoft) láti inú fódà àjọpín gba VPN. Bí ọ̀nà bá já lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan, fáìlì lè bàjẹ́. Ẹ lo Remote Desktop sí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọ́fíìsì, kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ nítòsí dátà rẹ̀, kí ó jẹ́ àwòrán nìkan ló ń rìnrìn àjò.

Èyí tó sì ń já bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ lọ mu omi, ráútà ló gbàgbé yín. Ó máa ń pa ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ìgbà díẹ̀ rẹ́. Nínú WireGuard, `PersistentKeepalive = 25` á máa ta á jí; nínú SSH, `ServerAliveInterval 60`.

Ohun tí VPN kì í sábà gbé

Bí ètò yín bá ń wá sáfà fúnra rẹ̀ nípa kíké sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nítòsí, ariwo náà kò ní kọjá VPN. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì àti àwọn kọ̀ǹpútà inú Network kì í fara hàn nílé. Ẹ kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà wọn sínú ètò náà fúnra yín. Díráìfù Z: tó ní àmì pupa sábà ń jẹ́ pé ó gbìyànjú kí VPN tó dìde, ẹ tan VPN, kí ẹ sì kọ `\\isiro01.corp.example.com\fodà` tààrà sínú File Explorer. Bí ètò kan tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kò bá rí Z: tí àwọn yòókù ń rí, Windows ló ya ojú méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ lo ọ̀nà gígùn yẹn dípò lẹ́tà.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Ẹnì kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ọ́fíìsì ṣí 3389 tàbí 1433 sí íntánẹ́ẹ̀tì "kí ó rọrùn". Rárá. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kiri ayé tọ̀sán-tòru. Ẹ má sì pa firewall kọ̀ǹpútà yín lórí Wi-Fi gbangba láti dán nǹkan wò. Ètò yín ló ń pe ìta, firewall Windows kì í sábà dí ẹni tó ń jáde lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pe IT

"Kò wọlé" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi fọ́tò ọ̀rọ̀ àṣìṣe ránṣẹ́, pẹ̀lú aago gangan tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n lè wá a nínú àkọsílẹ̀ firewall. Orúkọ sáfà àti pọ́ọ̀tù. Ohun tí `ipconfig /all`, `nslookup`, `Find-NetRoute` àti `Test-NetConnection` kọ jáde nígbà tí VPN wà lórí. Àti bóyá ó ṣiṣẹ́ lórí hotspot. Ẹ sọ bóyá ó kan ẹ̀yin nìkan tàbí àwọn mìíràn tó wà níta. Ẹ má fi páásíwọ́ọ̀dù sí i, ẹ sì wo inú fọ́tò náà dáadáa, nítorí ìlà tí ètò fi ń so mọ́ dátà máa ń gbé e hàn nígbà mìíràn.